Bí a ṣe ń di ilé ìkẹ́rùsí àti àtíbàbà mọ́lẹ̀ kí ìjì tó dé

Ọlọ́gbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọṣẹ́ yìí. Ilé ìkẹ́rùsí onípákó kan wà lẹ́yìnkùlé, 3 mítà lórí 2.4 mítà. Páànù ló wà lórí rẹ̀. Orí búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ló jókòó lé, kò sí ohun tó dè é mọ́ wọn. Ilé adìyẹ kékeré kan àti àtíbàbà tí kò ní ògiri wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àsìkò ìjì ti ń sún mọ́lé. Ṣé bí mo bá kó òkúta sórí páànù, tí mo sì kó ẹrù tó wúwo sínú ilé, ìyẹn á tó? Bí kò bá tó, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Oníṣirò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé òkúta kankan sórí òrùlé. Òkúta ò lè mú páànù dúró nígbà tí ìjì gidi bá dé, àmọ́ bí páànù bá ṣí, òkúta náà ló máa já lu èèyàn tàbí kó fọ́ fèrèsé.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé títì nìkan ni afẹ́fẹ́ ń ti ilé. Ó ń tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń fa òrùlé sókè. Bí ó bá ti kọlu ògiri, á gba òkè kọjá, á máa sáré lórí páànù, á sì máa fa páànù kúrò lára igi. Etí òrùlé, igun rẹ̀ àti góńgó orí rẹ̀ ni ìfàsókè yìí ti ń le jù. Níbẹ̀, ó lè tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti àárín.

Ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ mú ìyára afẹ́fẹ́ ní mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi í ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 0.613. Ohun tó bá jáde ni agbára rẹ̀ ní niutọni, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára, lórí mítà kan níbùú lóròó. Ẹ pín in sí 9.8, ó di kílò. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré 72 kìlómítà ní wákàtí kan, ìyẹn mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, á fún yín ní kílò 25 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ti 108 kìlómítà á fún yín ní 56. Ti 144 á fún yín ní 100. Ẹ rí i pé nígbà tí ìyára di ìlọ́po méjì, agbára di ìlọ́po mẹ́rin.

Òrùlé yín, pẹ̀lú etí tó yọ síta, á tó mítà 9 níbùú lóròó. Bí ìfàsókè bá bá iye yẹn mu káàkiri, ní 72 kìlómítà á tó kílò 225, ní 108 á tó 500, ní 144 á tó 900. Ilé onípákó tó tóbi báyìí sábà máa ń wúwo tó kílò 300 sí 500. Bí ìjì bá le, ìwúwo rẹ̀ nìkan kò lè mú un dúró. Ẹrù tí ẹ bá kó sínú rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́ bí kò bá jókòó sórí ilẹ̀pákó tó so mọ́ ògiri, nítorí òrùlé àti ògiri á gbéra lọ, ẹrù á sì ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Ilẹ̀kùn tún ńkọ́? Bí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tó dojú kọ ìjì bá já, afẹ́fẹ́ á kún inú ilé, á máa ti òrùlé láti ìsàlẹ̀ nígbà tí ti òkè ń fà á. Àpapọ̀ méjèèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì iye tí mo kọ sókè yìí.

Káfíńtà Àgbà

Ọ̀nà tí agbára yẹn ń gbà dé ilẹ̀ ni kí ẹ máa fọkàn tọ̀. Ìjì fa páànù. Ìṣó páànù gbé e fún igi ìdábùú tí páànù jókòó lé. Igi ìdábùú gbé e fún ẹkẹ, ìyẹn igi tó gun òkè láti orí ògiri dé góńgó. Ẹkẹ gbé e fún igi orí ògiri, igi orí ògiri fún òpó inú ògiri, òpó fún igi ìsàlẹ̀, igi ìsàlẹ̀ fún ìpìlẹ̀. Gbogbo ibi tí igi kan ti fà á lé èkejì lọ́wọ́ ló lè já, èyí tó bá sì fẹ́lẹ́ jù ló máa já, bó ti wù kí àwọn yòókù lágbára tó. Ẹni tó bá fi bóòtù ńlá de ìpìlẹ̀, tó wá fi ìṣó méjì péré mú ẹkẹ mọ́ ògiri, ògiri ló máa bá nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò ní bá òrùlé.

Ìṣó tí a kàn ní ìdagẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹkẹ wọ igi orí ògiri, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí igi má sún kúrò nípò. Kò lè dènà ìfàsókè. Ìṣó lágbára nígbà tí nǹkan bá fẹ́ gé e ní ìbú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fà á jáde ní òòró, kì í pẹ́ tó fi ń yọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo ọ̀já irin. Ọ̀já irin máa ń yí agbára náà padà, tí ìṣó tó wọ ẹ̀gbẹ́ igi á fi máa dúró dè é ní ìbú.

Ẹ fi ọ̀já irin kan sí ìdí ẹkẹ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kí ó nípọn tó mìlímítà 1, kó fẹ̀ tó 25 tàbí 30. Ẹ gbé e gba ẹ̀yìn ẹkẹ kọjá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ sára igi orí ògiri àti òpó. Ìṣó márùn-ún ó kéré tán ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ra èyí tí wọ́n ti lu ihò sí lára, gbogbo ihò tí ẹni tó ṣe é ní kí ẹ kàn ni kí ẹ kàn. Ẹni tó kan mẹ́ta nínú mẹ́wàá kò ra ju ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ. Ẹ má fi sìkúrù dúdú tí wọ́n fi ń mú pákó àjà ṣe iṣẹ́ yìí láé. Líle ni, kì í tẹ̀. Ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́ lójijì.

Ibi tí àwọn èèyàn ń gbàgbé jù ni ìsàlẹ̀ òpó. Wọ́n á fi ọ̀já sí òkè, wọ́n á fi bóòtù sí igi ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣó méjì tó wọ ìdí òpó láti abẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ láàárín. Ìṣó yẹn á yọ pẹ́rẹ́. Ẹ fi ọ̀já so òpó mọ́ igi ìsàlẹ̀ náà, pàápàá ní igun àti ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ ti igun òkè ilé náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí ẹ bá fojú rí i pé ó ń mì, ògiri kò ní ohun tó dá a dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ẹ kan pílàíwúùdù mìlímítà 9 sí inú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti igi ìsàlẹ̀ dé igi orí ògiri, kó fẹ̀ tó mítà 1.2 bí àyè bá wà. Ìṣó 50 mìlímítà, sẹ̀ntímítà 15 sí ara wọn ní etí, 30 ní àárín. Igi ìdagẹ̀rẹ̀ náà dára, tó bá tó dígírì 45, tó sì so mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀. Ilé tó ní ògiri onígun mẹ́ta lábẹ́ òrùlé gbọ́dọ̀ ní igi ìdagẹ̀rẹ̀ tó di orí ògiri yẹn mú mọ́ àwọn ẹkẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìjì Andrew jà ní gúúsù Florida ní 1992, irú ògiri yẹn tí kò ní ohun tó dì í mú wà lára ohun tó kọ́kọ́ wó.

Kí ẹ tó kan ohunkóhun, ẹ fi ẹnu sìkúrù-díráfà gún igi ìsàlẹ̀ yíká. Bó bá wọlé láìjanpata, igi ti jẹrà, kò sì sí bóòtù tó lè mú igi tó ti jẹrà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná.

Bíríkìlà

Búlọ́ọ̀kù mẹ́fà tí kò so mọ́ ilé, tí kò sì so mọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ìpìlẹ̀. Àpótí ìjókòó ni.

Ohun tí mo máa ṣe fún ilé tó tóbi báyìí ni ihò mẹ́fà: mẹ́rin ní igun, méjì ní àárín àwọn ẹ̀gbẹ́ gígùn. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí páìpù omi tàbí wáyà iná lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Ihò kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 30, á jìn tó 90. Kọnkéré tó máa kún un jẹ́ nǹkan bí lítà 64, ìwúwo rẹ̀ á sì tó kílò 150. Mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ kílò 900. Ẹ fi ìyẹn kún ìwúwo ilé, kí ẹ wá fi wé ìṣirò tó wà lókè.

Ìdí ihò gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ẹnu rẹ̀, ó sì dára jù bó bá fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, bí ìdí ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ló ń gbẹ́ ihò bí àrọ, kí ẹnu fẹ̀ kí ìdí tín-ín-rín, nítorí ó rọrùn fún ṣọ́bìrì. Irú kọnkéré bẹ́ẹ̀ máa ń yọ jáde bí ìgbà tí èèyàn yọ èdídí ìgò, pàápàá tí ilẹ̀ bá ti mu omi yó.

Àpòpọ̀ rẹ̀: garawa sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Ihò kan á gba nǹkan bíi kílò 20 sìmẹ́ǹtì. Omi tó bá pọ̀ jù ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Ó yẹ kó dúró lórí ṣọ́bìrì, kó má máa ṣàn. Kí ó tó le, ẹ ri irin sínú rẹ̀: bóòtù mìlímítà 12 tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, kó wọlé tó sẹ̀ntímítà 25, tàbí irin alápá méjì tó ń di igi mú. Ẹ fi ẹ̀rọ ìdíwọ̀n wo bó ṣe dúró, torí bóòtù tó bá wọ́, ẹ kò ní rí i tún ṣe mọ́. Ẹ rọra ṣe orí kọnkéré ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí omi máa ṣàn kúrò, kí igi má sì kan kọnkéré rárá. Ẹ fi àyè sẹ̀ntímítà 2 tàbí 3 sílẹ̀. Òpó igi tí a rì sínú kọnkéré máa ń jẹrà ní ibi tí kọnkéré ti parí gan-an, níbi tí ojú kò ti tètè rí i.

Ẹ máa bu omi sí i fún ọjọ́ méje kí ẹ tó so nǹkan mọ́ ọn. Ọjọ́ 28 ni agbára rẹ̀ tó pé.

Bó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ kọnkéré ni ilé wà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Kọnkéré yẹn gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ntímítà 10. Bóòtù mìlímítà 12, ọ̀kan láàárín sẹ̀ntímítà 30 sí igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilẹ̀kùn, ìyókù kó má jìnnà ju mítà 1.2 lọ sí ara wọn. Lábẹ́ nọ́ọ̀tì, ẹ lo irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin, 75 lórí 75 mìlímítà, kó nípọn tó 5. Wọ́ṣà kékeré máa ń rì sínú igi, igi á sì yọ kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bóòtù tó ń fẹ̀ nínú ihò nígbà tí a bá ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, ṣe ló máa ń ti kọnkéré síta. Bó bá sún mọ́ etí, etí kọnkéré á là, bóyá lọ́jọ́ yẹn, bóyá lọ́jọ́ ìjì. Ẹ fi ó kéré tán sẹ̀ntímítà 10 sílẹ̀. Igi ìsàlẹ̀ tó jókòó sí etí pátápátá kò ní fún yín ní àyè yẹn. Níbẹ̀, ẹ gbé irin onígun sí inú ilé, kí apá kan so mọ́ igi, kí bóòtù apá kejì wọ kọnkéré níbi tó jìnnà sí etí. Tàbí kí ẹ lo èyí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù pàtàkì lẹ̀ mọ́ inú ihò, torí òun kì í ti kọnkéré síta. Ẹ̀yà méjèèjì kò ní mú nǹkan kan bí eruku bá kù nínú ihò. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, ẹ tún fẹ́ ẹ. Kí ihò fi sẹ̀ntímítà 1 sí 2 jìn ju bóòtù lọ.

Búlọ́ọ̀kù tó ní ihò nínú? Ẹ má lu bóòtù sí i láìjẹ́ pé ẹ ti fi kọnkéré dí ihò yẹn.

Onírin

Gbogbo ohun tí Bíríkìlà sọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ 28 lọ́wọ́ ẹni tí ìjì ti ń bọ̀ wá bá. Ìdákọ̀ró onísìkúrù wà, ọ̀pá irin tí abẹ́ rẹ̀ dà bí ìlọ́, tí a ń yí wọnú ilẹ̀. Ẹ lo èyí tó gùn tó sẹ̀ntímítà 75 ó kéré tán, kí irin pẹlẹbẹ ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó 10. Ẹ yí i wọlé títí ojú rẹ̀ nìkan á fi kù lókè, kí ọ̀pá rẹ̀ sì dojú kọ ibi tí okùn ti máa fà á. Bí okùn bá ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ọ̀pá dúró ṣánṣán, ọ̀pá á máa ya ilẹ̀ bí ọ̀bẹ, okùn á sì dẹ̀.

Ẹ má gbà pé ó mú títí ẹ ó fi dán an wò. Ẹ wá irin tàbí igi líle tó gùn tó mítà 2, ẹ gbé e lé òkúta tó fi sẹ̀ntímítà 20 jìnnà sí ìdákọ̀ró, ẹ so ẹnu rẹ̀ mọ́ ìdákọ̀ró, kí ẹ wá gbé ohun tó wúwo tó kílò 50 kọ́ ìpẹ̀kun kejì. Ìfàsókè tó máa dé bá ìdákọ̀ró jẹ́ nǹkan bí kílò 450. Bó bá gbéra ju sẹ̀ntímítà 1 tàbí 2 lọ, ilẹ̀ yẹn kò gbà á. Ẹ jẹ́ kó jìn sí i tàbí kí ẹ padà sí kọnkéré. Iyanrìn gbígbẹ tó tú kì í mú un rárá. Ilẹ̀ amọ̀ máa ń mú un, ṣùgbọ́n ẹ tún un dán wò lẹ́yìn òjò ńlá, torí ilẹ̀ amọ̀ tó ti rọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́.

Okùn tó máa gba orí òrùlé kọjá: wáyà irin mìlímítà 6, tàbí ọ̀já tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tó ní irin ìfún. Méjì ó kéré tán fún ilé yín, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ẹkẹ, kì í ṣe láàárín ẹkẹ méjì. Ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀ ní góńgó àti ní etí kí páànù má gé e. Kí ó fún, ṣùgbọ́n kó má tẹ etí òrùlé wọlé. Okùn náílọ́ọ̀nù máa ń gùn sí i bó bá rẹ omi, okùn rọ́bà kò tiẹ̀ yẹ kó sún mọ́ iṣẹ́ yìí. Oòrùn náà ń jẹ ọ̀já. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ilé lẹ́yìn àsìkò ìjì. Tí ara rẹ̀ bá ti ń hù bí irun, ẹ sọ ọ́ nù.

Tó bá jẹ́ wáyà, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní irin ìtẹ́ tí kò ní jẹ́ kó ṣẹ́, kí kílíìpù mẹ́ta mú un. Apá kílíìpù tó rí bí gàárì ni kó wà lára wáyà tó ń ru agbára. Apá tó tẹ̀ bí U ni kó wà lára ìrù tó kù. Bí ẹ bá yí i padà, U yẹn á tẹ wáyà tó ń ṣiṣẹ́ fọ́. Ẹ tún nọ́ọ̀tì wọn fún lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí wáyà bá ti na tán.

Irin gbogbo, kó jẹ́ èyí tí wọ́n rì sínú síǹkì gbígbóná. Igi tí wọ́n fi oògùn oníbàbà tọ́jú máa ń jẹ irin lásán. Lẹ́bàá òkun, irin tí kì í dógùn-ún ni kí ẹ lò, àti ìṣó irú rẹ̀. Ẹ má pa oríṣi irin méjì pọ̀.

Àlejò

Ti ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n fi ike ṣe ńkọ́? Kò tó kílò 100.

Onírin

Ìlànà ìfàsókè kan náà ni, kìkì pé òun kò ní ìwúwo tirẹ̀ tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ lo ihò bóòtù tí wọ́n ti sàmì sí ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ gígùn tẹ ike mọ́lẹ̀, torí ike máa ń ya yí orí bóòtù ká. Ẹ lè kó omi sínú ike ńláńlá sórí ilẹ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀ náà bá so mọ́ ògiri: lítà kan jẹ́ kílò kan. Ẹ tún fi ọ̀já gba orí rẹ̀.

Akanpáànù

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ páànù, nítorí òun ló ń kọ́kọ́ lọ, bó bá sì ti lọ, òjò á parí ìyókù.

Páànù tó fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 0.4 lọ máa ń ya yí orí ìṣó ká, ìṣó á dúró sára igi, páànù á lọ. Kì í sì í ṣe ìfà kan ṣoṣo ló ń ya á. Bó ṣe ń gbọ̀n sókè sódò fún wákàtí púpọ̀ ni ihò ìṣó á máa sán, ìsán á máa gùn. Ní Darwin, Australia, nígbà ìjì Tracy, Oṣù Kejìlá 1974, irú ìsán yìí ló ṣí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òrùlé onípáànù, ó sì mú kí wọ́n yí òfin ilé kíkọ́ ibẹ̀ padà.

Sìkúrù páànù tó ní wọ́ṣà rọ́bà dára ju ìṣó lọ. Bó bá jẹ́ ìṣó lẹ ní, ẹ lo èyí tí ara rẹ̀ lọ́ tàbí tó ní òrùka, kó wọ inú igi tó mìlímítà 50. Bí ẹnu rẹ̀ bá yọ lódì kejì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Ní etí ìsàlẹ̀, ní góńgó àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òrùlé, ẹ kan gbogbo orí ìgbì páànù kejì-kejì. Ní àárín, ẹ lè kan ìkẹta-ìkẹta. Ibi tí ìfàsókè ti le jù yìí ni àwọn tó ń fi ìṣó ṣọ́wó ná ti máa ń dín in kù. Ẹ fún sìkúrù títí rọ́bà á fi tẹ́ díẹ̀. Bó bá ti yọ síta yíká orí sìkúrù, ẹ ti fún un jù, á là lábẹ́ oòrùn.

Igi ìdábùú náà: bó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 90 ló wà láàárín wọn, ẹ fi ọ̀kan kún un nítòsí etí àti nítòsí góńgó, kí àyè ibẹ̀ di 60 tàbí kó kéré sí i. Ẹ so igi ìdábùú fúnra rẹ̀ mọ́ ẹkẹ pẹ̀lú ọ̀já irin. Mo ti ń rí i lọ́pọ̀ ibi pé páànù àti igi ìdábùú jọ ń ṣí lọ bí ẹní, gbogbo ìṣó páànù pé, kò sí èyí tó yọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kan páànù láti ìpẹ̀kun tó jìnnà sí ibi tí ìjì ti sábà ń wá, kí etí tó gun èkejì má kọjú sí ìjì. Ìgbì kan àtààbọ̀ sí méjì ni kí wọ́n fi gun ara wọn ní ẹ̀gbẹ́, sẹ̀ntímítà 15 sí 20 ní òkè àti ìsàlẹ̀.

Bí etí òrùlé bá yọ ju sẹ̀ntímítà 45 lọ, ẹ gé e kù tàbí kí ẹ fi pákó dí abẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń ko sábẹ́ rẹ̀, á sì máa gbé e bí ìdérí ìkòkò.

Ọlọ́gbà

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti gbọ́ pé kí a ṣí fèrèsé méjèèjì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kó sì jáde, kí ilé má bàa bẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Oníṣirò

Rárá o. Ẹ tì í, ẹ tì í pa. Ilé kì í bẹ́ nítorí pé wọ́n tì í. Bí ẹ bá ṣí fèrèsé, ìjì tó dojú kọ ọ́ á kún inú ilé, á sì máa ti òrùlé sókè láti inú, bí mo ti ṣàlàyé. Ìjì sì ń yí ojú padà bó ṣe ń kọjá, torí náà ẹ kò lè mọ fèrèsé tó máa dojú kọ ọ́.

Káfíńtà Àgbà

Òótọ́ ni. Lórí ilẹ̀kùn: hínjì mẹ́ta, kì í ṣe méjì, kí sìkúrù rẹ̀ gùn tó mìlímítà 75 kó lè dé inú òpó, kì í ṣe férémù nìkan. Ọ̀pá ìdábùú irin kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ tó wọ inú kọnkéré. Àgádágodo kan ṣoṣo ní àárín á jẹ́ kí igun òkè àti ìsàlẹ̀ máa tẹ̀ síta, títí pákó á fi là. Ilẹ̀kùn alápá méjì ló burú jù: apá tí ẹ kì í ṣí gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá tirẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, nítorí òun ni apá kejì gbára lé. Fún ìjì ńlá, ẹ gbé pákó mìlímítà 50 lórí 100 dábùú ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nínú irin ìkọ́.

Ọlọ́sìn

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé adìyẹ àti àtíbàbà kún un, torí ẹ kò tíì kàn wọ́n.

Àtíbàbà tí kò ní ògiri ló nílò ìdè tó le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Afẹ́fẹ́ ń fà á lókè, ó sì ń tì í láti abẹ́ láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò dúró de ìgbà tí ilẹ̀kùn bá já. Òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wọ kọnkéré tàbí kó so mọ́ ọn, kí igi ìdagẹ̀rẹ̀ wà láti òpó sí igi òkè ní ojú méjèèjì, kó gùn tó sẹ̀ntímítà 60. Bó bá jẹ́ tapólì ló bò ó, ẹ ká a kúrò. Tapólì tó dúró sórí rẹ̀ ló ń fa òpó tu, òpó nìkan kò ní nǹkan kan tí ìjì máa dìmú.

Ilé adìyẹ tó ní ẹsẹ̀: afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, á sì gbé e ṣubú. Ìdákọ̀ró onísìkúrù mẹ́rin, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀já irin tó gba abẹ́ ilẹ̀pákó rẹ̀ kọjá. Ẹ dí ojú ibi tí ìjì ti ń wá, ṣùgbọ́n ẹ fi ihò atẹ́gùn kéékèèké sílẹ̀ ní òdìkejì, lókè, kí àwọn adìyẹ lè mí. Ẹ kó wọn sínú ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, torí kò sẹ́ni tó máa lè lé wọn mú nínú ìjì.

Bí ẹ bá fẹ́ gbin ohun tó máa dín agbára ìjì kù, ẹ gbin igi wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá díẹ̀. Ó máa ń dáàbò bo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí dé nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá gíga rẹ̀. Ògiri tó dí pátápátá máa ń mú kí afẹ́fẹ́ fò ó kọjá kó sì yí po lẹ́yìn rẹ̀. Kí igi ńlá tó lè wó má sì sún mọ́ ilé náà tó gíga rẹ̀. Àárín ilé ńlá méjì tó sún mọ́ra náà kò dára, ibẹ̀ ni ìjì ti ń sáré jù.

Ọlọ́gbà

Bó bá jẹ́ ọjọ́ méjì péré ló kù, èwo ni kí n mú?

Káfíńtà Àgbà

Lọ́jọ́ kìíní, ìdákọ̀ró onísìkúrù mẹ́rin àti ọ̀já méjì tó gba orí òrùlé kọjá, nítorí ìyẹn nìkan ló so òrùlé mọ́ ilẹ̀ tààrà, tó sì fo gbogbo oríkèé tó kù dá. Ẹ dán ìdákọ̀ró wò kí ẹ tó so ó. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀pá ilẹ̀kùn lókè àti nísàlẹ̀, sìkúrù tuntun ní etí àti igun páànù, kí ẹ sì kó gbogbo ohun tó lè fò wọlé: àga, garawa, pákó, àkàbà, ìdérí kànga. Ẹ pa iná mànàmáná tó lọ sínú rẹ̀. Kọnkéré, ọ̀já ìdí ẹkẹ àti pílàíwúùdù, ẹ ṣe wọ́n nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára, kì í ṣe láàárín ìjì méjì.

Bí ìjì bá ti ń jà, ẹ má jáde lọ fún ọ̀já, ẹ má gun òrùlé, kódà bí ẹ bá gbọ́ tí páànù ń pariwo. Ẹ lè kọ́ òmíràn.

Bíríkìlà

Nígbà tó bá rọlẹ̀, ẹ yẹ etí kọnkéré wò bóyá ó là, ẹ wo yíká ìdákọ̀ró bóyá ilẹ̀ ya. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ya yíká bí àwo, ìdákọ̀ró yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ tú u, kí ẹ yí i wọlẹ̀ síbòmíràn tó fi mítà 1 jìnnà síbẹ̀.

Akanpáànù

Kí ẹ sì tẹ orí sìkúrù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka. Èyí tó bá yí lọ́wọ́ yín ti jẹ ihò rẹ̀. Ẹ má tún un fún sójú kan náà. Ẹ lo èyí tó tóbi sí i, tàbí kí ẹ sún un sí ìgbì tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì dí ihò àtijọ́. Igi tuntun máa ń sún kì bó bá ti ń gbẹ, torí náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ mú sípánà, kí ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì ìpìlẹ̀ fún.